Wọ́n fẹ́ sọ mí di ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ń dùn mọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

Oníṣirò:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí mo ti bá àwọn tó sún mọ́ mi sọ ọ́, ohun tí kálukú wọn ń sọ ò jọra wọn, ó wá tún rú mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe níléeṣẹ́ kan tí ò tóbi tí ò sì kéré. Àwa la máa ń wo owó tó wọlé àtèyí tó jáde, ká rí i pé ohun tó wà nínú ìwé wa bá ti báǹkì mu. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé irú iṣẹ́ yẹn máa ń sú èèyàn, èmi ò mọ ìyẹn o. Tó bá dópin oṣù tí àkáǹtì ò bára mu, tí gbogbo èèyàn ti káwọ́ lérí, ìgbà yẹn gan-an lara tèmi máa ń yá. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ kan. Ká ní ìwé wa fi 450 yàtọ̀ sí ti báǹkì, ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe ni kí n fi 9 pín 450 yẹn. Tó bá pín géérégé tí ohunkóhun ò ṣẹ́ kù, mo ti máa fura pé ẹnì kan ló gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn, bóyá 5,382 ló fẹ́ tẹ̀ tó wá tẹ 5,832, torí béèyàn bá ti pààrọ̀ ipò nọ́ńbà méjì báyìí, iye tó máa fi yàtọ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi 9 pín ni. Màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti ìlà kan sí ìlà kejì, ìgbà tí mo bá wá rí i, háà! Mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí lára mi. Ilẹ̀ á ti ṣú, mi ò ní mọ̀.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ti fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, mánìjà wá pè mí pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kí n fún wọn lésì kí oṣù tó parí. Owó oṣù máa pọ̀ sí i, màá sì ní ọ́fíìsì tèmi. Àmọ́ mo mọ ohun tí ọ̀gá wa yẹn máa ń ṣe látàárọ̀ dalẹ́. Mítíìnì ni. Líìfù tẹni yìí, ẹjọ́ àwọn tó ń bára wọn jà lórí ẹ̀rọ amúlétutù, ìròyìn tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sókè. Ó pẹ́ tó ti fọwọ́ kan àkáǹtì gbẹ̀yìn.

Ìyẹn ni apá kan. Apá kejì ni pé ọkàn mi kì í balẹ̀. Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, fóònù ni, kóòsì lórí bí wọ́n ṣe ń kọ sọ́fítíwíà, kóòsì lórí dátà, sátífíkéètì tibí, sátífíkéètì tọ̀hún. Tí mo bá ń sinmi, ohun kan á máa sọ fún mi pé àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kàwé o. Tí mo bá wá ń kàwé, ohun kan náà á ní ayé ẹ mà ń lọ o. Nígbà tí mo gba líìfù gbẹ̀yìn, gbogbo ilé jókòó síta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ta ayò, èmi ń ka àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ní ẹ̀rọ máa gbà lọ́wọ́ èèyàn lórí fóònù. Ìyàwó mi kàn wò mí ni, kò sọ nǹkan kan.

Ìbéèrè mi wá ni pé, báwo lèèyàn ṣe ń di ìdarí iṣẹ́ ẹ̀ mú, kó má kàn jẹ́ ibi tí mánìjà bá tì í sí ló máa lọ, síbẹ̀ kó má fi tòní ṣòfò lórí ọ̀la? Ṣé nǹkan méjèèjì yìí tiẹ̀ ṣeé ṣe papọ̀ ṣá?

---

Máṣèkánjú:

Wọ́n gbé ipò fún ọ, wọ́n fowó kún un, o wá jókòó o ń pín 450 sí ọ̀nà 9 😂 Gbà á jọ̀ọ́! Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà níbí ti ń wá irú ẹ̀ tipẹ́. Tó o bá dé ọ̀hún tí kò bá ẹ lára mu, ìgbà yẹn lo máa mọ̀.

---

Àgbà_Òṣìṣẹ́:

Máṣèkánjú, orúkọ ẹ ò bá ìwà ẹ mu rárá.

Oníṣirò, o kú làálàá. Mo ti pẹ́ gan-an nídìí iṣẹ́ tó jẹ mọ́ gbígba òṣìṣẹ́ àti gbígbé wọn ga, ohun tó o sọ yìí kì í ṣe tuntun létí mi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dáadáa lojú máa ń kọ́kọ́ lọ bá tí àyè ọ̀gá bá ṣí, ìdí ẹ̀ sì yé mi, torí gbogbo èèyàn ló rí i pé ó mọṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa ní wọ́n ṣe ojúsàájú. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé iṣẹ́ tó mọ̀ yẹn kọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ ṣe. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta kan, Alan Benson, Danielle Li àti Kelly Shue, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2019 lórí àwọn tó ń tajà fún àwọn iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń tajà jù ni wọ́n máa ń sọ di mánìjà, àmọ́ tí wọ́n bá dé ipò yẹn tán, àwọn tó tajà jù tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an kì í sábà mú kí ọjà àwọn tó wà lábẹ́ wọn gbèrú. Ohun mìíràn tí wọ́n tún rí, tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, ni pé àwọn tó ti máa ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ń ṣe mánìjà dáadáa jù.

Torí náà, kí n tó sọ pé gbà á tàbí má gbà á, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ, tí àkáǹtì wọn bá dàrú, ṣé wọ́n máa ń wá bá ẹ? Tí wọ́n bá sì wá, ṣé ara ẹ máa ń yá, àbí ṣe lo máa ń gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn kó o lè tètè parí ẹ̀ kí wọ́n máa lọ? Má wulẹ̀ fún mi ní èsì tó dáa létí o, èyí tó jẹ́ òótọ́ ni kó o sọ.

Ohun kejì. Ọ̀gá tó fẹ́ lọ yẹn, tí ẹ bá ń bára yín sọ̀rọ̀, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o rí kàlẹ́ńdà ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí. Èyí tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà ìgbéga kò ṣe pàtàkì. Àwọn ohun tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ dùn létí ju ohun tó o máa bá níbẹ̀ lọ. Kàlẹ́ńdà kì í purọ́, aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ajé sí aago márùn-ún ọjọ́ Jímọ̀, ohun tẹ́nì kan fi wákàtí ẹ̀ ṣe ni.

---

Ẹrù_Ló_Wúwo:

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ àwa kan wà níbí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ní ká "gbádùn ìsinsìnyí", ẹ̀rín ló máa ń pa wá. Ìsinsìnyí èwo? Owó ilé dé, owó ilé ìwé ọmọ dé, ẹ̀ẹ̀kan náà lòbí tún pè. Ẹni tí ò ní ohunkóhun nílẹ̀ kò lè sọ pé òun ń darí iṣẹ́ òun, iṣẹ́ ló ń darí ẹ̀, ká má tan ara wa.

Ohun tí mo máa bi Oníṣirò ò ju ẹyọ kan lọ. Tí owó oṣù ò bá wọlé mọ́ láti ọ̀la, oṣù mélòó lo lè fi gbọ́ bùkátà ilé láìyáwó? Iye oṣù yẹn ló máa sọ bóyá o lẹ́nu láti sọ pé "mi ò fẹ́." Ẹni tó bá ní oṣù mẹ́fà nílẹ̀ àtẹni tí kò ní ọ̀sẹ̀ méjì, kódà tí ìmọ̀ràn kan náà bá wọ etí wọn, ohun tó máa yé wọn ò lè dọ́gba. Tó o bá gba ipò yẹn, àfikún owó tí wọ́n fi kún un, má jẹ́ kó wọ ìnáwó ilé rárá, máa gbé e sápá kan látoṣù àkọ́kọ́. Bó o bá ti jẹ́ kó mọ́ ẹ lára, wọ́n ti mú ẹ nìyẹn, o ò ní lè fipò yẹn sílẹ̀ mọ́ kódà kó o kórìíra ẹ̀. Mo ti rí i lára àwọn tí kò dára kí n dárúkọ wọn.

---

Arówékà:

@Ẹrù_Ló_Wúwo mo gbà pẹ̀lú ẹ lórí owó, àmọ́ mi ò rò pé gbígbádùn òní jẹ́ ohun àwọn olówó nìkan. Ohun tí Oníṣirò sọ nípa líìfù ẹ̀ yẹn, àìlówó kọ́ ló fà á. Àyè wà, àwọn èèyàn ẹ̀ wà, ọkàn ẹ̀ ni ò sí níbẹ̀.

Ìwádìí kan wà tí Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ṣe, wọ́n gbé e jáde ní 2010. Fóònù ni wọ́n lò, fóònù á kàn dún lójijì láàárín ọjọ́, á bi ẹni náà pé kí lò ń ṣe báyìí, ibo lọkàn ẹ wà, báwo ló sì ṣe ń rí lára ẹ. Àwọn àgbà tó lé ní 2,000 ló kópa. Nǹkan bí ìdajì gbogbo ìgbà tí wọ́n bi wọ́n ni ọkàn wọn ti wà níbòmíì, kò sí lórí ohun tí wọ́n ń ṣe. Inú àwọn tí ọkàn wọn ò sí níbẹ̀ kò sì dùn tó tàwọn tí ọkàn wọn wà níbẹ̀, kódà kó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn ò dùn ún ṣe. Ẹ wá wò ó, Oníṣirò fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ láìmọ̀: tó bá ń wá 450 tó sọ nù, ilẹ̀ á ṣú kò ní mọ̀. Ó ní ìsinsìnyí, ibi iṣẹ́ ló ti ń rí i, ìgbà tó bá délé ló ń sọ ọ́ nù.

Ohun témi máa ń ṣe ni pé mo ti yan àkókò kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú, òwúrọ̀ Sátidé ni témi. Ìgbà yẹn ni mo máa ń wo ibi tí iṣẹ́ mi ń lọ, ohun tó yẹ kí n kọ́, ẹni tó yẹ kí n bá sọ̀rọ̀. Tí ìrònú ẹ̀ bá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ ni, mo máa jù ú síbẹ̀ di Sátidé. Ẹ ò ní gbà gbọ́, tó bá máa fi di Sátidé, púpọ̀ nínú ohun tó ń dẹ́rù bà mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun á ti di nǹkan tí mo kàn máa fagi lé. Àwọn tó bá ṣẹ́ kù ló nílò àkókò mi lóòótọ́.

Nípa àwọn kóòsì yẹn ńkọ́, ẹyọ kan ni kó o mú. Bó o sì ṣe máa yàn án ni pé kó o bi ara ẹ, èwo nínú wọn ni mo lè fi ṣe nǹkan níbi iṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí? Èyí tí ò bá níbi tó máa kàn nínú iṣẹ́ ẹ báyìí, á kàn máa jẹ́ ẹrù lórí ẹ ni, kódà kó jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń sọ ọ́.

Àti ti ẹ̀rọ tó máa gbaṣẹ́. 1979 ni VisiCalc jáde, òun ni sọ́fítíwíà ìṣirò alápòótí àkọ́kọ́ tó gbajúmọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kékeré, bàbá Excel ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n máa ń fi pẹ́ńsù tún ṣe látìbẹ̀rẹ̀ tí nọ́ńbà kan bá ti yí padà, ó wá di ohun tó ń yí fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó kàn ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé dín kù lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún ẹ, àmọ́ àwọn oníṣirò tó mọ ohun tí nọ́ńbà ń sọ tún wá ń níṣẹ́ sí i ni, torí àwọn ọ̀gá wá rí i pé àwọn lè máa béèrè pé "tá a bá fowó kún ọjà yìí ńkọ́?" kí wọ́n sì rí èsì lójú ẹsẹ̀. Kó o wá wò ó, níbi iṣẹ́ tìẹ, ẹ̀gbẹ́ wo lo wà?

---

Oníṣirò:

Ẹ ṣeun gan-an gbogbo yín, mi ò rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa dá sí i.

@Àgbà_Òṣìṣẹ́ ẹ ṣeun mà. Mo rò ó dáadáa kí n tó kọ èyí. Wọ́n máa ń wá bá mi, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀dọ́bìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka wa, àkáǹtì ẹ̀ ò bára mu, ó ti fẹ́ sunkún. Mo jókòó tì í, mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹ̀, mo kàn ní kó fi 9 pín iye tó fi yàtọ̀. Kò pín. Mo ní ó dáa, fi 2 pín in. Ó pín, mo wá ní kó wá ìdajì yẹn bóyá a máa rí i níbì kan, torí tí wọ́n bá gbé owó tó yẹ kó wà lápá òsì sí apá ọ̀tún, ìlọ́po méjì ẹ̀ ló máa fi yàtọ̀. Ó rí i! Ó pariwo débi pé àwọn tó wà níyàrá kejì wá wò wá. Ká sòótọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ìgbà tí mo bá rí tèmi fúnra mi lọ. Torí náà, kíkọ́ èèyàn ò sú mi. Mítíìnì àti ẹjọ́ amúlétutù ló ń sú mi.

@Ẹrù_Ló_Wúwo a ní nǹkan nílẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe oṣù mẹ́fà, àmọ́ ebi ò ní pa wá lóṣù àkọ́kọ́. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa àfikún owó yẹn wọ̀ mí lára, mo ti ka èyí fún ìyàwó mi.

@Arówékà sọ́fítíwíà wa tiẹ̀ ti ń fúnra ẹ̀ mú kí púpọ̀ nínú àkáǹtì wa bá ti báǹkì mu báyìí, àwọn tí kò bá yé e ló máa ń kó jọ fún wa. Ó jẹ́ pé àwọn tó le yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti bẹ ọ̀gá tó ń lọ, ó ní òun máa fi kàlẹ́ńdà hàn mí.

---

Kò_Kan_Ayé:

Oníṣirò, ṣé o rí i pé o ti dá ara ẹ lóhùn? Ọ̀nà méjì nìkan lo rò pé ó wà nígbà tó o kọ ìbéèrè yẹn, kó o gbà á tàbí kó o má gbà á. Ìwọ náà lè gbé ìkẹta lọ bá wọn.

Amy Wrzesniewski àti Jane Dutton kọ nǹkan kan lórí èyí ní 2001. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń tọ́jú ilé ìwòsàn, àwọn tó ń nulẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ló wà nínú ìwé gbogbo wọn, àmọ́ bí àwọn kan ṣe ń ṣe é yàtọ̀. Àwọn kan nulẹ̀, wọ́n sì lọ. Àwọn kan gbà pé àwọn náà wà lára àwọn tó ń wo aláìsàn sàn, wọ́n ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀, wọ́n ń fọ̀nà han àwọn tó wá kí wọn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ ọ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n fà yọ níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀ máa ń tún iṣẹ́ ẹ̀ gé, ó máa ń fi kún apá kan, ó máa ń yọ lára ìkejì, kódà láìyí orúkọ ipò padà.

Nítorí náà, lọ bá mánìjà pẹ̀lú ohun kan lọ́wọ́. Sọ fún un pé o fẹ́ máa bójú tó gbogbo àkáǹtì tó bá le, kó o sì máa kọ́ gbogbo ẹni tuntun tó bá wọlé, kí wọ́n fún ipò yẹn lórúkọ àti owó tiẹ̀. Ẹni tó bá wá fẹ́ràn mítíìnì, kó máa lọ sí mítíìnì. Irú wọn wà o!

Ohun kan tó kù. Má kàn máa bá àwọn tó sún mọ́ ẹ nìkan sọ ọ́, ìwọ náà ṣáà ti rí i pé ó tún ń rú ẹ lójú sí i. Ohun tó o ti mọ̀ làwọn tó sún mọ́ni náà mọ̀. Mark Granovetter ti kọ̀wé lórí èyí láti 1973: nígbà tó bi àwọn tó gba iṣẹ́ tuntun nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ní ẹni náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ẹni tí wọ́n kàn ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò ríra mọ́, ọ́dítọ̀ tó máa ń wá bá yín lọ́dọọdún, kọ ímeèlì kúkúrú sí wọn. Má tọrọ iṣẹ́ o. Kàn bi wọ́n pé, níbi tí wọ́n wà, ta ló ń ṣe irú iṣẹ́ tó o fẹ́ràn yìí, kí ni wọ́n sì ń pe ipò ẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ohun tó ò ń wá ti lórúkọ níbòmíì.

---

Ẹrù_Ló_Wúwo:

Kò_Kan_Ayé ọ̀rọ̀ ẹ dáa, àmọ́ mo fẹ́ ta omi tútù sí i díẹ̀. Àwọn tó ń nulẹ̀ tó tún ń fọ̀nà han àlejò yẹn, ṣé wọ́n fowó kún owó wọn? Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, tó o bá ti fúnra ẹ fi nǹkan kún iṣẹ́ ẹ, ṣe ni wọ́n máa dúpẹ́, tó bá dọdún tó ń bọ̀ ó ti di ojúṣe ẹ, owó ò yí padà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbà á.

---

Kò_Kan_Ayé:

Òótọ́ ni, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí wọ́n fún un lórúkọ àti owó tiẹ̀. Àsìkò yìí ló sì dáa jù láti béèrè, nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ tí wọ́n ń wá ẹni tó máa dí i. Tí wọ́n bá ti rẹ́ni fi síbẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ẹ mọ́.

---

Àgbà_Òṣìṣẹ́:

Èyí tó o sọ nípa ọ̀dọ́bìnrin yẹn dùn mọ́ mi nínú. O ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí mo mọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta tí Kò_Kan_Ayé sọ yẹn dáa, mo ti rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀, pàápàá níléeṣẹ́ tí kò tóbi jù, torí ìwé ò pọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti mánìjà. Àmọ́ nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Tó ò bá gba ipò yẹn, ẹlòmíì máa gbà á, ẹni yẹn ló sì máa di ọ̀gá ẹ. Ta ni? Ṣé o mọ̀ ọ́n? Ṣé ẹni tó máa jẹ́ kó o ṣe àkáǹtì tó le ní àlàáfíà ni, àbí ẹni tó máa ní kó o fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kó o wá máa kọ ìròyìn bá òun? Mo ti rí àwọn tó kọ ipò torí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ wọn, tí ọ̀gá tuntun wá gba iṣẹ́ ọwọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn. Wádìí ẹ̀ kó o tó lọ.

Tó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ gbìyànjú ipò náà wò, sọ pé o fẹ́ ṣe é fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí adelé. Àwọn iléeṣẹ́ mọ ìyẹn dáadáa, kò sì tì ẹ́ lójú. Ohun tó o máa rí i pé wọ́n kọ sílẹ̀ ni ibi tí wàá padà sí tí kò bá wọ̀, àti iye tí wọ́n máa san ní oṣù mẹ́ta yẹn. Adelé tí kò ní ibi tó máa padà sí, wọ́n ti fi í jẹ nìyẹn.

---

Arówékà:

Kí n fi èyí kún un, torí mo rò pé ó lè mú kí ọkàn Oníṣirò fúyẹ́. Ní 2013, Jordi Quoidbach, Daniel Gilbert tí mo dárúkọ lókè yẹn, àti Timothy Wilson bi àwọn èèyàn tó lé ní 19,000, láti ọmọ ọdún 18 dé 68, bí wọ́n ṣe yí padà tó lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn àti bí wọ́n ṣe rò pé àwọn máa yí padà tó lọ́dún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Àtọmọdé àtàgbà wọn ló ní àwọn ti yí padà gan-an, àmọ́ wọ́n rò pé àwọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Torí náà, gbogbo ètò ogún ọdún tá à ń ṣe yẹn, ẹnì kan tá ò tíì mọ̀ là ń ṣe é fún. Èmi kì í ṣe é kọjá ọdún kan àbọ̀ mọ́. Ipò tó o bá kọ̀ báyìí, kò túmọ̀ sí pé o kọ̀ ọ́ títí ayé.

---

Oníṣirò:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí kàlẹ́ńdà yẹn. Ọ̀sẹ̀ ìparí oṣù, tí àwa máa ń bá àkáǹtì wọ̀yá ìjà, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú oṣù, mítíìnì ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, kò sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ sí. Ọ̀gá yẹn fúnra ẹ̀ ní òun máa ń jókòó síbẹ̀ kí òun máa wojú fèrèsé, pé ohun tí òun ń pàdánù lọ́wọ́ àkáǹtì ló jẹ́ kí òun fẹ́ lọ. Mi ò mọ̀ rárá. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ó ti gbàgbé àkáǹtì ni.

Mo tún kọ ímeèlì sí ọ́dítọ̀ tó wá lọ́dún tó kọjá. Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì, ó gùn gan-an, ó ní ibi tí òun wà, wọ́n ní àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa wá ibi tí owó gbà sọ nù, tí wọ́n tún máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní kí n pe òun.

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa rí mánìjà. Ìkẹta yẹn ni mo máa gbé lọ, mo ti kọ ọ́ sójú ìwé kan, kò ju ojú ìwé kan lọ. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, màá béèrè fún oṣù mẹ́ta adelé. Mo ti mọ ẹni tí wọ́n máa fi síbẹ̀ tí mi ò bá gbà, kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn fẹ́ràn ìròyìn kíkọ ju ẹ̀mí ẹ̀ lọ.

Kóòsì ti ku ẹyọ kan, Sátidé ni mo fi í sí. Ọjọ́ Àìkú, mo gbé fóònù sínú yàrá, mo lọ bá wọn ta ayò. Wọ́n nà mí bí ẹní máa kú.

---

Máṣèkánjú:

Èmi ṣì sọ pé kó o gbà á o 😂 Àmọ́ tó o bá ń lọ lọ́jọ́bọ̀, má kàn sọ ọ́ lẹ́nu, fún un ní ìwé yẹn, kó o sì fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹ̀ kó o tó kúrò ní ọ́fíìsì ẹ̀. Kó o kọ iye owó tó ò ń béèrè síbẹ̀ gbangba, má kọ "owó tó bá yẹ." Wọ́n máa yàn án fún ẹ.

---

Àgbà_Òṣìṣẹ́:

Máṣèkánjú sọ ohun tó dáa lónìí, ẹ bá mi ṣàmì sí ọjọ́.

Oníṣirò, iye mélòó lo kọ síbẹ̀? Fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ kó tó di Ọjọ́bọ̀, torí bí mo ṣe mọ irú ẹ, o ti lè kọ iye tó kéré.